Pàsífáyà Lẹ́nu Ọmọ: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ ní Agbègbè Ajah

Láti Badore dé Láńgbàsá, títí dé Ṣàngótẹ̀dó, ìyá tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń béèrè pé: ṣé pàsífáyà yìí ò ní jẹ́ kí ọmọ mi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀? Pàsífáyà kì í sọ ọmọ di odi. Iye wákàtí tó ń lò lẹ́nu ọmọ tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ la ní láti máa ṣọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dí kò lè dá ìyá rẹ̀ lóhùn, bí ọmọ kò bá sì dáni lóhùn, kì í pẹ́ tí àgbà náà fi máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn méjèèjì ló ń kọ wá lóminú.

Iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dé

Ọjọ́ tí ọmọ bá pe "màmá" kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá fi máa pé oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, á ti máa sọ "ba-ba-ba" àti "da-da-da" láàárọ̀ lálẹ́. Iṣẹ́ ni ọmọ náà ń ṣe o. Ètè ló fi ń pe b àti m. Orí ahọ́n ló fi ń kan òkè ẹnu fún t, d, n àti l. Gb àti p tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ètè gbọ́dọ̀ pa dé, kí ẹ̀yìn ahọ́n sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí rọ́bà pàsífáyà bá wà láàárín ètè, tó tún tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀, níbo lọmọ á ti dán gbogbo èyí wò? Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ máa ń rí ọmọ tó ti pẹ́ lórí pàsífáyà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹnu ló fi ń pe ọ̀pọ̀ ìró: "ata" á di "aka".

Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà fi ohun tí ọmọ ń jẹ lẹ́nu nígbà tó bá ń hu eyín há àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ́nu, èyí tí kò jẹ́ kí orí ahọ́n wọn rìn. Wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oríṣi d méjì tó wà nínú èdè Híńdì. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan náà wà lẹ́nu wọn, àwọn ọmọ náà kò mọ ìyàtọ̀ ìró méjèèjì. Àwọn tí ahọ́n wọn ráyè rìn mọ̀ ọ́n. Èyí fi hàn pé ahọ́n ń bá etí ṣiṣẹ́ kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìwádìí mìíràn jáde lọ́dún 2009 láti Punta Arenas, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Ṣílè, lórí ọmọ 128. Àwọn tó mu pàsífáyà tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ ti wọ́pọ̀ jù. Ìwádìí mìíràn wà tí kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́, nítorí náà a ò ní fi ìbẹ̀rù dá yín lágara. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí àsìkò rẹ̀ má ṣe gùn.

Ti etí náà wà ńbẹ̀. Ọmọ tó bá ń mu pàsífáyà lemọ́lemọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà máa ń ní àrùn inú etí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Etí tí omi dúró sí nínú kì í gbọ́ ketekete. Nínú èdè tó jẹ́ pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló ń ya "ọkọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọkọ́", kí etí ọmọ mọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀.

Ìgbà tó wúlò

Pàsífáyà kò burú pátápátá. Bí ọmọ bá fi pàsífáyà sùn, ó ń dín ewu ikú òjijì ojú oorun kù. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tún máa ń rí ìrànlọ́wọ́ nínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1989, àjọ WHO àti UNICEF ní kí wọ́n má fún ọmọ ọmú ní pàsífáyà rárá. Nígbà tó di 2018, wọ́n yí i padà pé kí wọ́n máa la ìyá lóye nípa ewu àti ìlò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmú kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ó kéré tán fún oṣù kan, kí ẹ tó fún ọmọ ní pàsífáyà. Ẹ má fi oyin kun ún: oyin lè gbé májèlé sínú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ má sì so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Ẹ bi kírẹ́ṣì léèrè

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìyá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó sì fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́mú tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sáré láti Victoria Island wá sí Ajah láàárín ààbọ̀ wákàtí? Ọwọ́ ẹlòmíràn lọmọ ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, níbi tí alágbàtọ́ kan ti ń tọ́jú ọmọ púpọ̀, ohun tó sì máa ń tètè pa ẹkún ni pàsífáyà. A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kàn bi wọ́n pé: "Wákàtí mélòó lọmọ mi fi ń mu ún lójúmọ́ tí kò sùn?" Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti béèrè.

Bí ẹ ó ṣe já a gbà

Láti oṣù mẹ́fà, ẹ fi pàsífáyà mọ sí ìgbà oorun nìkan. Nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, kó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀sán. Kó tó pé ọdún kan, ẹ gbìyànjú kó parí. Ẹ má fi ata tàbí ewúro kun ún. Ẹ pọn ọmọ náà, ẹ kọrin fún un, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀, kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀ kí òun náà lè fèsì. Bó bá ní "ba-ba", ẹ dá a lóhùn bí ẹni tó sọ̀rọ̀ gidi. Èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni kí ẹ sọ. Ìyá tó ń sọ Yorùbá àti bàbá tó ń sọ Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn kò ní kí ọmọ wọn pẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ tètè wá bí ọmọ kò bá yíjú síbi tí ariwo ti dún, bí oṣù mẹ́wàá bá pé tí kò sọ "ba-ba", bí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá dé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, bó bá pé ọmọ ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí bí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ bá ń pòórá. Ẹ má dúró torí pé ẹnì kan ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ nílé. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ lọ́wọ́ wá sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bó bá yẹ, wọn yóò kọ̀wé rán yín sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, tàbí LUTH, Ìdí-Àràbà, níbi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ wò.