Àmì Dúdú Lára Ewé Ẹ̀pà: Ṣé Ó Léwu Fún Ẹni Tó Jẹ Ẹ̀pà Náà?

Bẹ́ ẹ bá gbin ẹ̀pà sẹ́yìnkùlé, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àmì róbótó-róbótó lára ewé rẹ̀. Èyí tó máa ń tètè yọ, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, máa ń ní àwọ̀ ìyeyè yíká. Èyí tó ń pẹ́ yọ máa ń dúdú, pàápàá lábẹ́ ewé. Bó bá pọ̀, ewé á máa já bọ́.

Ẹbí olú ló ń fà á. Inú àjókù ewé àti ìtì ẹ̀pà tó wà nílẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Òjò àti atẹ́gùn ló ń gbé e káàkiri.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Àìsàn yìí kì í ran èèyàn, kì í sì í sọ ẹ̀pà di májèlé. Ìkórè ló ń bà jẹ́, ó sì lè mú ìdajì rẹ̀ lọ.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni irú mìíràn, Aspergillus, tó ń mú kí hóró ẹ̀pà bu, tó sì ń da oró aflatoxin sí i. Yíyan tàbí sísè kì í pa oró yìí tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ó lè fa jẹjẹrẹ, pàápàá lára ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B. Lọ́dún 2004, àgbàdo tó ní oró yìí pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà.

Kí lẹ máa ṣe?

Ẹ má gbin ẹ̀pà sójú kan náà lọ́dọọdún. Ẹ fi àgbàdo tàbí gbágùúdá pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kórè tán, ẹ kó ewé àti ìtì rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ jó o.

Bí ẹ̀pà bá ti gbó, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ sá a sórí ẹní tàbí tapólì, kì í ṣe ilẹ̀ lásán, títí hóró á fi máa dún nínú èèpo bẹ́ ẹ bá mì í.

Ẹ ṣa á kẹ́ ẹ tó yan án. Èyí tó bu, tó rún tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Ẹ má lọ̀ ọ́ sínú ògì ọmọ, ẹ má sì fi ṣe kúlíkúlí. Ẹ̀yin àgbà tí ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ bá yín ṣà á. Ẹ sì rí i pé ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú.

Kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa ẹ̀pà yín.