Gìgísẹ̀ Ni àbí Iṣan Ọwọ́? Bí Wọ́n Ṣe Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó Kan láti Òṣogbo dé Iléṣà

Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ibà pọ́njú ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù nini nítorí ọyẹ́ tó mú Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n bí i sí fi sípíríìtì nu ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó gún un, ó sì ń fún ẹsẹ̀ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè jáde. Ó fi ọ̀pá gíláàsì tínrín kan gba ẹ̀jẹ̀, ó dí ìdí rẹ̀, ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí fòò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé ọ̀pá náà lé ojú ìwọ̀n, ó pe nọ́ḿbà: 66.

Àwa tí a ti gbé aboyún tàbí ọmọ lọ sí ọsibítù rí mọ PCV bí ẹni mowó. Bí ẹ̀rọ bá ti yí ẹ̀jẹ̀ tán, apá pupa á rìlẹ̀, omi rẹ̀ á lé sókè. Ìdá tí apá pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ni nọ́ḿbà yẹn. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ ó fojú bu iye hemoglobin, èròjà pupa tó ń ru afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń wà ní nǹkan bí 40. Ti ìkókó a máa wà láàrin 45 sí 65, torí afẹ́fẹ́ tó ń rí nínú oyún kò pọ̀, ara rẹ̀ á sì ti ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Bó bá ré kọjá 65, ẹ̀jẹ̀ ti ki jù nìyẹn. Ó lè má ṣàn dáadáa, ó sì lè dá kún ibà pọ́njú. Nígbà míì, dókítà á ki rọ́bà tínrín bọ ojú ìwọ́, á fa díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, á fi omi iyọ̀ dípò rẹ̀. 66 kì í ṣe nọ́ḿbà tí abiyamọ ń gbọ́ tó ń sùn.

Ìyá àgbà ọmọ náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. “Wesley la ń lọ,” ló sọ. Mo bá wọn wọkọ̀.

Wesley Guild, tí àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, wà lára ọsibítù olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Wíwọn ọmọdé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní 1956 ni Dókítà David Morley dé síbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ń tọ ipasẹ̀ ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé, iṣẹ́ yẹn ló sì bí káàdì ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá ń lò.

Dókítà tó gba ọmọ náà kò bi wá léèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò.

“Màmá, níbo ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 66 yìí?”

“Ẹsẹ̀ ni o, dókítà. Wọ́n fún un títí, ọmọ ń ké.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí wọ́n fa òmíràn láti iṣan ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í sáré nínú gìgísẹ̀ ìkókó, pàápàá bó bá tutù. Apá pupa á ṣù jọ síbẹ̀, PCV ibẹ̀ á sì ga ju ti iṣan lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú gìgísẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù. Fífún ẹsẹ̀ tún burú lọ́nà tirẹ̀, torí omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Wákàtí pẹ̀lú ń dá sí i: PCV a máa gòkè láàrin wákàtí bíi méjì lẹ́yìn ìbí, kó tó tún wálẹ̀.

Níbi tí a ti ń dúró, onímọ̀ láàbù kan tó wà níkalẹ̀ ń sọ àwọn ọ̀nà yòókù tí wọ́n ń gbà wọn hemoglobin fúnra rẹ̀ fún mi. Èyí tí wọ́n fi ń yẹ ìyókù wò ni pípo ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi Drabkin, tí májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kiri abúlé. Àjọ WHO náà ní káàdì aláwọ̀: ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lórí káàdì. Owó pọ́ọ́kú ni, ṣùgbọ́n hemoglobin 4 ló ti bẹ̀rẹ̀, 14 ló parí sí, ibi tí ti ìkókó tó dáa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi káàdì yẹn wọn ọmọ tuntun ń tan ara rẹ̀.

HemoCue, ẹ̀rọ àwọn ará Sweden, ni mo fẹ́ràn jù fún ibi tí iná ò ti dúró. Ẹ̀kán kan péré ló ń gbà, bátìrì ń gbé e, èsì rẹ̀ kì í sì pẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ike kékeré tó ń gba ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rinrin sì ń ba irú rẹ̀ kan jẹ́ bí ìdérí agolo rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ka gbogbo ẹ̀jẹ̀ péye, àmọ́ ó fẹ́ iná, ó sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ kílò mẹ́ta kò ju nǹkan bí mìlílítà 250 lọ. Kò kún ìgò mínírà. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wò ó láìgún ọmọ náà wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tutù ń da òun náà láàmú.

Èsì iṣan dé: 59. Wọn ò ní í ki rọ́bà bọ ìwọ́ ọmọ kankan.

Bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ kíki, kí ló wá ń fa ibà pọ́njú? Dókítà gbóòórùn aṣọ tí wọ́n fi pọ́n ọmọ wá.

“Màmá, káfúrà wà nínú àpótí yín?”

“Ó wà ńbẹ̀ dáadáa. Ṣé kí kòkòrò jẹ aṣọ ni?”

Nínú àwọn ọmọkùnrin Yorùbá, bí ọ̀kan nínú márùn-ún ni èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí òórùn káfúrà bá kan irú wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, PCV á máa já wálẹ̀, ara á máa pọ́n sí i. Wọ́n bọ́ aṣọ náà, wọ́n gbé ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò G6PD, wọ́n sì ní àwọn á tún PCV wọ̀n láàárọ̀ ọ̀la.

Ìyá àgbà bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gún lọ́la.

“Rárá, Màmá. Bí a bá fi ẹsẹ̀ ọ̀la wé ọwọ́ òní, tí a rí 63, a ó máa yọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ò dín kù, kó sì jẹ́ pé ó ń fọ́ lọ.” Ó kọ “iṣan ọwọ́” sí ẹ̀gbẹ́ 59 nínú fáìlì, pẹ̀lú aago tí wọ́n fà á.