Kí Ni "Compact" Nínú Ìṣirò? Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ọ́ Ní Yorùbá

Àwọn ọmọ wa tó ń ka ìṣirò ní yunifásítì máa ń bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: compact. Bí bàbá tàbí ìyá bá bèèrè ohun tó jẹ́, ọmọ á ní kò ṣeé sọ ní Yorùbá. Èmi ò gbà o.

Ká ní ọ̀nà kan gùn ní ibùsọ̀ kan, láti ẹnu géètì ilé dé ibùdókọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, a sì fẹ́ fi àtùpà tànmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Òfin kan ló wà: bí àtùpà bá mọ́lẹ̀ sí ibì kan, ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu géètì kúrò nínú ọ̀nà náà. Àtùpà kìíní mọ́lẹ̀ sí gbogbo ibi tó kọjá 1/2 ọ̀nà, ìkejì sí ibi tó kọjá 1/3, ìkẹta 1/4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láìlópin. Gbogbo wọn lápapọ̀, kò síbi tó ṣókùnkùn. Àmọ́ bí ẹ bá mú 100 péré nínú wọn, tàbí mílíọ̀nù kan, ibi kékeré kan nítòsí géètì á ṣì ṣókùnkùn. Ọ̀nà yìí kì í ṣe compact.

Ẹ wá dá ẹnu géètì padà. Àtùpà kan gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, á sì mọ́lẹ̀ díẹ̀ sójú ọ̀nà. Bó bá dé 1/100 ọ̀nà, àtùpà ọgọ́rùn-ún nìkan ló kù tí a nílò. Méjì péré! Bó ti wù ká to àwọn àtùpà náà, ìwọ̀nba tó níye nínú wọn á tó. Ohun tí compact jẹ́ nìyẹn. Émile Borel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé irú ẹ̀rí yìí jáde ní 1895.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Nínú àwọn nọ́ńbà tí kò tó 1, 0.9, 0.99, 0.999, kò sí èyí tó tóbi jù, torí pé a yọ 1 fúnra rẹ̀ kúrò. Àmọ́ láti òru dé òru, bí a bá ka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin mọ́ ọn, ó dájú pé àkókò kan wà tí ooru mú jù lọ́jọ́ náà. Compact ló fún wa ní ìdánilójú yẹn.

Bí ọmọ yín bá dé fún ìsinmi, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ géètì yìí. Kó sì fi Yorùbá dáhùn o!