Ọ̀sẹ̀ Kìíní Nínú Ilé Titun

Nígbà tí òjò bá dá tí ọ̀nà sì gbẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé máa ń kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn. Ẹlòmíràn a kúrò ní abà oko kòkó lọ sí ìlú nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ẹlòmíràn a fi ilé tí ó yá gbé sílẹ̀, a sì bọ́ sí ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ìyàwó titun a sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ. Ọjọ́ ayọ̀ ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n kí ayọ̀ náà di ẹkún kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nítorí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru mú, tàbí èyí tí ó gbé ìgò kẹrosíìnì mu.

Ohun tí ó ń fa èyí kò farasin. Nínú ilé àtijọ́, ohun gbogbo ní ààyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ mọ kànga tí a ń mu. Àmù ní ìdérí. Ìgò kẹrosíìnì wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ̀gẹ́ tí a rin sì ní iye ọjọ́ tí í lò lábẹ́ òkúta. Ní ọjọ́ tí a bá kó, a ru ẹrù, ṣùgbọ́n a fi ètò sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kó ilé, ètò ilé ni kí ó kọ́kọ́ kó.

KÍ A TÓ DI ẸRÙ

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó yẹ kí baálé ilé àti ìyá ilé jọ lọ wo ilé titun náà. Kí wọ́n má ṣe wo ògiri àti òrùlé nìkan. Kí wọ́n wo ibi tí kànga wà, ibi tí ṣálángá wà, ibi tí èéfín ààrò yóò gbà jáde, àti ibi tí omi òjò lè dúró sí. Kí wọ́n yẹ gbogbo igun ilé wò pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ lè fi agolo oògùn kòkó tàbí oògùn eku sílẹ̀.

Bàbá tí ó bá mọ apẹ̀rẹ̀ hun kò ní ṣàìrí ohun kó ẹrù sí. Kí a kó ìkòkò kékeré sínú ńlá, kí a sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ há àárín wọn, kí wọ́n má baà fi ara gbára. Igbá tí ó bá là kì í ṣe ohun ìsọnù. A ó fi ohun ẹnu ṣóńṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìhà méjèèjì ibi tí ó là, a ó sì fi okùn líle gán an. Irú igbá bẹ́ẹ̀ yóò gba gàrí àti èlùbọ́ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi mu omi mọ́, nítorí ìdọ̀tí a máa há sí ojú ibi tí a gán.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe: kí a má ṣe bu kẹrosíìnì, oògùn oko tàbí sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ sínú ìgò tí a fi ń mu ohun mímu, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan péré. Ní ọjọ́ ìkólé, òùngbẹ a máa gbẹ àwọn ọmọ, ojú àgbà kì í sì í sí lára wọn. Bí ọmọ bá ti mu kẹrosíìnì, kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ṣe kì í lọ́fun kí ó lè bì. Nígbà tí ó bá ń bì ni kẹrosíìnì náà í gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ó ti ń ṣe ìpalára jùlọ. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì mú ìgò náà dání.

OMI

Ó yẹ kí kànga tí a ń mu wà lókè ju ṣálángá lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má sì dín ní mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣísẹ̀ 40 ti àgbàlagbà. Bí ilẹ̀ kò bá gba èyí, bí ó ti máa ń rí ní ìlú ńlá, kí a se omi mímu títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí ó ní ìdérí. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, omi a sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn.

Àmù tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń mọ ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin ṣì jẹ́ ohun èlò rere. Omi díẹ̀díẹ̀ a máa yọ́ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Èyí ni ó ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Bí àmù bá jẹ́ titun, kí a fọ̀ ọ́, kí a pọn omi kún un, kí a sì da omi náà nù ní ọjọ́ kejì kí a tó máa mu níbẹ̀. Ìgbakọ tí ó ní ọwọ́ gígùn ni kí a máa fi bu omi inú rẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kan omi.

Ẹni tí ó bá rò pé ohun kékeré ni èyí, kí ó rántí sòbìà. Ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tí a rí tí ó ní i ní ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lè dènà rẹ̀, kò sì sí oògùn tí ó lè pa á nínú ara. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó mọ́, àti ẹ̀kọ́ pé kí ẹlẹ́gbò má ṣe wọ odò tí a ń mu, àwọn ni wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní i ní Nàìjíríà, ọdún 2008 ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìyá ilé ń ṣe sí omi rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ síbẹ̀síbẹ̀, kí a wọn omi mímọ́ lítà kan, kí a bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì sí i, kí orí ṣíbí tẹ́jú ní ìgbà gbogbo. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ọmọ máa mu ún, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ láìdúró.

ÀÀRÒ

Ní ìgbà àtijọ́, àpáàdì ni a fi ń kó ẹ̀yinná láti ilé àtijọ́ lọ dá iná ààrò titun. Níbi yòówù kí a ti rí iná, ibi tí a gbé ààrò sí ṣe pàtàkì jùlọ. Èéfín inú ilé ń fa òtútù àyà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni ó ń kú lọ́dọọdún nípa rẹ̀ ní gbogbo ayé. Nítorí náà kí a má ṣe dáná nínú yàrá nítorí pé a kò tí ì kọ́ ilé ìdáná. Ọjọ́ kan péré tó láti fi igi mẹ́rin àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sí ẹ̀yìn ilé, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri nítorí iná ọ̀gbẹlẹ̀. Igi tí ó gbẹ dáadáa kì í rú èéfín bí igi tútù, ìkòkò tí a sì dé a máa tètè hó. Kí a má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná.

Ẹ̀GẸ́ KÒ FẸ́ ÌKÁNJÚ

Ìkánjú ìkólé a máa dé inú ìkòkò oúnjẹ pẹ̀lú. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní oró nínú. Nígbà tí a bá rin ín ni oró náà í bẹ̀rẹ̀ sí tú sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá wà nínú àpò lábẹ́ òkúta tí ó ń kan, tí omi rẹ̀ ń ro dànù, àti ìgbà tí a bá ń yan án nínú agbada, ni èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde lọ. Ìyá ilé tí gàrí rẹ̀ tán ní ọjọ́ kejì tí ó kó dé lè fẹ́ sọ ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ kékeré ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí oró tí àgbà lè gbà mọ́ra pọ̀ jù fún ara ọmọdé. Bí orí bá ń fọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ̀gẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó sì ń bì, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa tí a sì ń jẹ lójoojúmọ́ ní ìpalára mìíràn tí kì í tètè hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1969. Wọ́n rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn sì ń di, wọ́n sì so àìsàn náà mọ́ ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ ṣáá láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí gàrí àti èlùbọ́ tí yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀ kí a tó kó, kí ẹ̀wà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ohun tí a kó wọn sí gbẹ. Èlùbọ́, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bá bu, ṣe ni kí a dà á nù. Ẹ̀wà tí a rọ kún ike tí a sì dé pinpin kì í gba kòkòrò láyè, nítorí afẹ́fẹ́ kò sí fún wọn láti mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn kòkòrò oko sí oúnjẹ.

EÉRÚ ÀTI ỌṢẸ

Ẹni tí ó ń ti abà bọ̀ ní ọrọ̀ kan tí ó sábà máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn, èyíinì ni èèpo kòkó. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà sábẹ́ igi, a máa pa àrùn tí í sọ èso kòkó di dúdú mọ́. Bí a bá sá a gbẹ tí a sì sun ún, eérú rẹ̀ dára fún ilẹ̀, ó sì dára fún ọṣẹ dúdú.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó lu ihò sí ìdí ìkòkò, a ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, a ó kó eérú lé e, a ó sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú tí ó bá ro sílẹ̀ ni a ó gbé kaná kí ó lè ki. A ó gbé àdín kaná lọ́tọ̀, a ó sì máa bu omi eérú náà sí i, a ó máa rò ó láìsinmi títí yóò fi dì. Ìkòkò amọ̀ tàbí ìkòkò irin ni kí a lò, nítorí omi eérú a máa jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù. A sì máa jó ara. Bí ó bá ta sí ojú, kí a da omi mímọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ọṣẹ yìí wà nítòsí ṣálángá àti nítòsí ààrò láti ọjọ́ kìíní. Ìdílé tí ó ń fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí wọ́n tó jẹun a máa dín ìgbẹ́ gbuuru kù tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

IBÙSÙN ÀTI ÌKÒKÒ FÍFỌ́

Kò sí ìkólé tí nǹkan kì í fọ́. Ìkòkò fífọ́ àti agolo tí a bá jù sí ẹ̀yìn ilé a máa gba omi dúró, ẹ̀fọn a sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Kí a wa ihò sin wọ́n, tàbí kí a dojú wọn dé ilẹ̀. Kí a sá ẹní àti ìrọ̀rí sínú oòrùn, kí a sì so àwọ̀n ẹ̀fọn kọ́ ní alẹ́ kìíní gan-an, kí a tó tú àpótí aṣọ. Bí àwọ̀n náà bá jẹ́ titun, kí a ti sá a sí ibòji fún ọjọ́ kan ṣáájú. Aboyún àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni kí ó kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ẹrù mìíràn lè wà nínú ìdì di oṣù tí ń bọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n kí omi ti ní ìdérí, kí èéfín ti ní ọ̀nà, kí oúnjẹ gbígbẹ wà nínú igbá, kí ọṣẹ wà nítòsí, kí àwọ̀n sì wà lórí ẹní, kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú. Nígbà náà ni àwọn aládùúgbò tí ó wá kí ìdílé náà kú ilé titun yóò bá gbogbo ọmọ lórí ìdúró.