Ta Ni Ó Ni Akọni? Ìtàn Ìpàdé Spider-Man àti Àwọn Róbọ́ọ̀tì Aparadà

 

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iyàn ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá àwọn ọkùnrin ní ọgbà wa ní Malali níbí. Wọ́n ní bí Spider-Man bá kan Optimus Prime lójú ọ̀nà, ta ni yóò dá èkejì? Àwọn kan ní kò sí bí ẹlẹ́ran ara ṣe lè bá ọkọ̀ akẹ́rù tí ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì wọ̀yá ìjà. Àwọn kan ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹnì kan tó sọ pé àwọn méjèèjì ti pàdé rí nínú ìwé kọ́míìkì. Òótọ́ ni. A fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pàdé, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Bí Wọ́n Ṣe Pàdé

Ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ni ó ni Spider-Man. Ní ti àwọn róbọ́ọ̀tì tí ń para dà di ọkọ̀ àti bàálù, tí a mọ̀ sí Transformers, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ní ilẹ̀ Japan, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Takara. Hasbro ti Amẹ́ríkà ni ó kó wọn wọ ọjà ní ọdún 1984, ó sì bẹ Marvel lọ́wẹ̀ pé kí ó fún wọn ní orúkọ àti ìtàn. Bob Budiansky, òṣìṣẹ́ Marvel, ni ó sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Marvel ṣe iṣẹ́ náà, Hasbro ni ó ni àwọn róbọ́ọ̀tì.

Nínú ìwé kẹta tí Marvel tẹ̀ nípa wọn, Spider-Man yọjú, ó sì ran àwọn róbọ́ọ̀tì rere lọ́wọ́. Ó rọrùn nígbà náà, nítorí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń tẹ ìwé méjèèjì. Nígbà tó yá, àṣẹ láti tẹ ìwé róbọ́ọ̀tì bọ́ sọ́wọ́ IDW ní ọdún 2005. Ní ọdún 2007, IDW àti Marvel pawọ́ pọ̀ tẹ New Avengers/Transformers, apá mẹ́rin. Stuart Moore ni ó kọ ọ́, Tyler Kirkham ni ó ya àwòrán rẹ̀. Níbẹ̀ ni Captain America, Spider-Man, Wolverine àti Luke Cage ti bá àwọn róbọ́ọ̀tì pàdé ní Latveria, ilẹ̀ kan tí Marvel fi orí ara rẹ̀ rò, níbi tí Megatron, olórí àwọn róbọ́ọ̀tì búburú, ti ń dá ogun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí IDW fẹ́ tún àwọn ìwé àtijọ́ Marvel tẹ̀, ó fo ìwé kẹta yẹn. Kí ló fà á? Spider-Man wà nínú rẹ̀, Spider-Man kì í sì í ṣe ti Hasbro.

Marvel náà mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi obìnrin kan tí ń jẹ́ Circuit Breaker sínú ìtàn àwọn róbọ́ọ̀tì ní ọdún 1985, wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn nínú ìwé tiwọn, Secret Wars II, kí Hasbro má baà sọ pé òun ni òun ni ín.

Ọ̀dọ̀ Tiwa Ńkọ́?

Kí akọni oríṣiríṣi kó ara wọn jọ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. D. O. Fágúnwà ti kó Kákò, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ọdẹ yòókù jọ lọ sí Òkè Lángbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938. Ìparadà náà kò ṣàjèjì: ẹ rántí Ọya tí ń bọ́ awọ ẹfọ̀n, tí ń di arẹwà obìnrin. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìtàn Ọya jẹ́ ti gbogbo wa, kò sí ẹni tí a ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Fágúnwà ní tirẹ̀ kú ní ọdún 1963. Òfin Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó kú, nítorí náà Kákò ṣì ní olówó orí títí di òpin ọdún 2033.

Ẹ tún gbọ́ ti Powerman. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣe ìwé kọ́míìkì kan fún àwa ará Nàìjíríà, nípa akọni dúdú kan tí ó ń fò, tí ejò nìkan lè rí gbé ṣe. Òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni ó ń ya á láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1988, ó di Powerbolt, nítorí Marvel ti ní Power Man tirẹ̀. Ta ni Power Man ọ̀hún? Luke Cage kan náà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni. Akọni tí a pè ní tiwa kò sí lọ́wọ́ wa, orúkọ rẹ̀ pàápàá kò dúró.

Lóde òní, nǹkan ti ń yàtọ̀. Roye Okupe, ọmọ Yorùbá, dá YouNeek Studios sílẹ̀, ó sì tẹ E.X.O. jáde ní ọdún 2015. Nígbà tó di 2025, Iyanu tí ó kọ ti di fíìmù àwòrán lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ sí Wa

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ya akọni kan sínú ìwé eléèpo líle. Ẹ̀yin tí ẹ rí i mọ bí ó ti dára tó. Kò pẹ́, a rí àwòrán náà lára ẹ̀wù tí onítẹ̀wé kan ń tà nínú ìlú. Nígbà tí a lọ bá a, ó ní, “Ìwé wo lẹ ní tó fi hàn pé tiyín ni?” A kò rí nǹkan fà yọ. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́ láti ìgbà náà.

A ti wádìí ọ̀rọ̀ náà báyìí. Lábẹ́ òfin ọdún 2022, kò di dandan kí ènìyàn forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti yà á sórí ìwé, tirẹ̀ ni. Ẹni tí yóò bá sì gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ gbà á nípa ìwé àdéhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán fún ìwé ẹgbẹ́ wa, ẹ máa kọ orúkọ àti ọjọ́ sí abẹ́ gbogbo ojú ewé. Ẹ ya ẹ̀dà kan sílẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni. Bí akọni ẹni méjì yóò bá pàdé nínú ìtàn kan, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni ó ni èwo.

Àti ìwọ ọ̀rẹ́ wa tí o gbé pẹ́ńsù jù sílẹ̀, jọ̀wọ́, gbé e. Ojú ewé méjì wà nílẹ̀ fún ọ nínú ìwé wa tí ń bọ̀, orúkọ rẹ ni yóò sì wà lábẹ́ wọn.