Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Odò Ọ̀ṣun gan-an ni kíláàsì

Òkun jìnnà sí Òṣogbo, àmọ́ ọ̀sà Lẹ́kí, tó so mọ́ òkun, ni Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun lè ti ibí bẹ̀rẹ̀.

Àwo Secchi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú lọ: àwo pẹlẹbẹ tí a so mọ́ okùn. Àlùfáà ará Ítálì, Angelo Secchi, ló fi irú rẹ̀ dán omi òkun wò lọ́dún 1865. Wọ́n á máa rì í sómi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ojú kò bá ti rí i mọ́ ni wọ́n á wọ̀n. Ìyẹn ló ń fi bí omi ṣe mọ́ gaara tó hàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀ṣun gbọ̀ngbọ̀n, torí wíwa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da omi náà rú, débi pé lásìkò ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Wíwọn ọ́síjìn inú omi ló tún kàn, ìyẹn kò sì gba ìdádúró. Etí odò ni a ti ń kán kẹ́míkà sínú ìgò omi tí a bù, gẹ́gẹ́ bí Lajos Winkler ṣe fi hàn ní 1888. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ á ti yí padà kí ìgò tó dé yàrá àyẹ̀wò.

Ó yẹ kí àwọn yunifásítì Òṣogbo àti Iléṣà máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ bu omi lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìwakùsà, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n fi wéra.