Kí ló ń ṣe ẹja òkun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà? Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi rẹ̀ wò

Bí ẹja òkun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú àpótí gíláàsì bá ń sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta, tí kò sì jẹun fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀rù ibùgbé tuntun ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni ẹja tó léfòó, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ṣeé ṣe kí ọ́síjìn má tó o, nítorí omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Ó sì lè jẹ́ ammonia, májèlé tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ àjẹkù jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun.

Ní Abidjan, ìbéèrè mìíràn tún wà: níbo ni ẹ ti bu omi? Iyọ̀ bíi gíráàmù 35 ló wà nínú lítà omi òkun kan. Ọ̀sà Ébrié kò rí bẹ́ẹ̀. Kánáàlì Vridi, tí wọ́n là ní 1950, ń mú omi òkun wọ inú rẹ̀, àmọ́ lásìkò òjò, omi odò a máa dín iyọ̀ náà kù gidigidi. Ẹja òkun kò lè fara da irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lójijì.

Nítorí náà, ẹ má tíì sáré ra oògùn. Ẹ wọn iyọ̀ àti ammonia, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, kí ẹ sì fi omi tí iyọ̀ àti ìgbóná rẹ̀ bá ti àpótí mu pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀.